NICODEMUS: ÌLÚ ÀGBẸ̀ TÍ OJÚ IRIN YÀ SÍLẸ̀

Ọ̀rọ̀ fún ètò àwọn àgbẹ̀

  

Ọ̀rọ̀ ajílẹ̀, irúgbìn àti kòkòrò ni a sábà máa ń sọ lórí ètò yìí. Lónìí, ìtàn ìlú kan ni mo mú wá fún yín. Ìlú náà jìnnà sí wa, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ bíi tiyín ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó. Nicodemus ni orúkọ rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Kansas ni ó wà, ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní agbègbè tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Midwest. Ibẹ̀ ni àlìkámà, àgbàdo àti ọkà bàbà ti ń jáde lọ́pọ̀ yanturu.

Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Ohun tó dé bá Nicodemus lè dé bá abúlé èyíkéyìí tí à ń dáko sí. Ohun tí kò sì jẹ́ kí ìlú náà parẹ́ pátápátá, ó wà ní ìkáwọ́ tiwa náà.

ÀWỌN TÓ TẸ ÌLÚ NÁÀ DÓ

Èèyàn dúdú ni wọ́n, ìran àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kúrò ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ọ̀pọ̀ wọn ló ti ṣe ẹrú fúnra wọn ní ìpínlẹ̀ Kentucky. Ọdún 1865 ni òfin fi òpin sí oko ẹrú káàkiri Amẹ́ríkà. Òmìnira dé, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò bá a dé. Ẹni tó ti fi gbogbo ìgbà èwe rẹ̀ ro oko olówó rẹ̀ kò ní ebè kan tí ó lè pè ní tirẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ní láti padà sí oko tí wọ́n ti ṣẹrú, kí wọ́n máa gba owó àgbàro, tàbí kí wọ́n dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀, kí onílẹ̀ sì kó nínú irè oko. Ẹ̀yin tí ẹ ti san ìṣákọ́lẹ̀ rí, ẹ mọ bí ó ti ń rí lára.

Ní ọdún 1862, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti ṣe òfin kan. Òfin náà sọ pé ẹni tó bá jẹ́ olórí ìdílé, tàbí tó ti pé ọmọ ọdún 21, lè gba ilẹ̀ 160 éékà lọ́wọ́ ìjọba. Owó ìwé díẹ̀ ni yóò san. Yóò kọ́lé sí orí ilẹ̀ náà, yóò gbé ibẹ̀, yóò sì ro ó fún ọdún 5. Lẹ́yìn náà ilẹ̀ di tirẹ̀. Kí a má parọ́, ilẹ̀ yẹn ní onílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn ìran tí wọ́n ti ń ṣọdẹ ẹfọ̀n níbẹ̀ láti ayébáyé ni ìjọba tì sí apá kan kí ó tó rí ilẹ̀ pín.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1877, àwọn kan kóra jọ láti dá ìlú kan sílẹ̀ fún àwọn èèyàn dúdú ní ìwọ̀ oòrùn Kansas, létí odò Solomon. Lára wọn ni W. H. Smith, èèyàn dúdú, àti W. R. Hill, òyìnbó kan tí ń ṣòwò ilẹ̀. Oníwàásù kan tí ń jẹ́ Simon Roundtree ni akọ̀wé wọn. Wọ́n tẹ ìwé ìkéde, wọ́n pín in dé Kentucky. Ìwé náà ní ilẹ̀ ibẹ̀ dára, pé ẹni tó bá san dọ́là 5 kí oṣù kẹsàn-án tó wọlé yóò rí ààyè ilé gbà nínú ìlú tuntun. Ilẹ̀ oko ní tirẹ̀, ọ̀dọ̀ ìjọba ni wọn yóò ti gbà á.

OHUN TÍ WỌ́N BÁ NÍBẸ̀

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1877, nǹkan bí 300 èèyàn gbéra láti Kentucky. Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin dé ìlú kan tí ń jẹ́ Ellis. Láti Ellis sí Nicodemus tó nǹkan bí máìlì 35, ẹsẹ̀ ni wọ́n sì fi rìn ín, tọmọdé tàgbà, pẹ̀lú ẹrù. Nígbà tí wọ́n dé, wọn kò rí ilé, wọn kò rí igi. Koríko ni ojú ń rí títí dé ibi tí ojú mọ. Inú bí wọn gidigidi. Ìtàn sọ pé Hill ní láti sá pamọ́ kí wọ́n má baà lù ú pa. Ọ̀pọ̀ ìdílé ni kò sun oorun kejì kí wọ́n tó padà.

Àwọn tó dúró gbẹ́ ihò sí ẹ̀gbẹ́ òkè, wọ́n fi igi tín-ín-rín, koríko àti erùpẹ̀ bo orí rẹ̀, wọ́n ń gbé inú rẹ̀. Ní ìgbà ìrúwé ọdún 1878, àwọn mìíràn tún dé láti Kentucky. Àrùn éèyi ti pa àwọn kan nínú àwọn ọmọ wọn ní Ellis kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìrìn ẹsẹ̀. Obìnrin kan wà láàárín wọn, Willianna Hickman, ìyàwó oníwàásù. Nígbà tí àwọn ọkùnrin kígbe pé Nicodemus rèé, ó wò yíká, kò rí ìlú kankan. Ó béèrè ibi tí ó wà. Wọ́n fi èéfín hàn án tí ń rú jáde láti inú ilẹ̀, wọ́n ní ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ń gbé. Obìnrin náà bú sẹ́kún. Ṣùgbọ́n kò padà sẹ́yìn. Òun àti ọkọ rẹ̀ dúró, wọ́n sì dá ìjọ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ oko wọn díẹ̀, nítorí ohun tí ó kàn wá nìyẹn. 160 éékà tóbi lójú wa níhìn-ín. Ṣùgbọ́n òjò tí ń rọ̀ lọ́hùn-ún lọ́dún kò tó ìdajì èyí tí ń rọ̀ ní Ìbàdàn. Koríko ibẹ̀ ti ta gbòǹgbò sínú ilẹ̀ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, ó le bí awọ màlúù. Ẹṣin 3 péré ni gbogbo ìlú ní ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1878. Ẹni tí kò ní ẹṣin fi ṣọ́bìrì àti ọkọ́ tú ilẹ̀. Bí ọkùnrin kan bá lè tú éékà mélòó kan lọ́dún yẹn, ó ti ṣe bẹbẹ.

Ebi mú wọn ní òtútù àkọ́kọ́ náà. Ìtàn tí àwọn àgbà wọn sọ ni pé àwọn Osage, ìran kan lára àwọn onílẹ̀ ìgbàanì, ń bọ̀ láti oko ọdẹ, wọ́n sì fún wọn nínú ẹran tí wọ́n pa. Wọ́n ń fi ìgbẹ́ ẹfọ̀n gbígbẹ dáná. Wọ́n ń ṣa egungun ẹfọ̀n káàkiri pápá, wọ́n ń tà á. Àwọn ọkùnrin rìn lọ sí ìlú òkèèrè láti ṣiṣẹ́ ojú irin àti iṣẹ́ àgbàro, wọ́n sì ń fi owó ránṣẹ́ sílé. Àwọn obìnrin àti ọmọdé ni wọ́n ń bójú tó oko. Ẹgbẹ́ ìlú sì rán àwọn aṣojú jáde lọ tọrọ oúnjẹ, aṣọ àti irúgbìn lọ́wọ́ àwọn aláàánú.

Ohun kan tí wọ́n ṣe ní 1879 wù mí púpọ̀. Nígbà tí oko bẹ̀rẹ̀ sí í so díẹ̀, wọ́n fi ẹnu kò pé àwọn kò ní tọrọ ìrànlọ́wọ́ mọ́. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tí à ń bọ́ kì í pẹ́ di ẹni tí à ń darí.

NÍGBÀ TÍ ÌLÚ Ń GBÓNÁ

Láàárín ọdún 10, ìlú náà yí padà. Ilé òkúta funfun bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́pò ihò. Zachary Fletcher kọ́ ilé ìtura tí wọ́n pè ní St. Francis ní 1881. Òun ni ó kọ́kọ́ ń ṣe ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́. Ìyàwó rẹ̀, Jenny Fletcher, ni olùkọ́ àkọ́kọ́, inú ihò tí wọ́n ń gbé ni ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ. Ẹ rántí pé lábẹ́ ẹrú, ìyà ni ó ń tẹ̀ lé e bí èèyàn dúdú bá kọ́ ìwé kíkà. Ìdí nìyẹn tí wọn kò fi dúró de ilé ẹ̀kọ́ kí wọ́n tó kọ́ ọmọ.

Ṣọ́ọ̀ṣì dìde, ti Onítẹ̀bọmi àti ti Mẹ́tọ́díìsì. Ilé ìtajà dìde, báńkì dìde. Ní 1886, ìwé ìròyìn kan bẹ̀rẹ̀, Western Cyclone ni wọ́n ń pè é. Ní 1887, èkejì tún jáde. Wọ́n ní ẹgbẹ́ eléré bọ́ọ̀lù, wọ́n ní ẹgbẹ́ tí ń ka ìwé tí ó sì ń jiyàn. Ọ̀kan nínú wọn, Edward McCabe, tí ó dé sí Nicodemus ní 1878, ni àwọn ará Kansas dìbò yàn ní 1882 láti jẹ́ ayẹ̀wé owó wò fún gbogbo ìpínlẹ̀. Kò tí ì sí èèyàn dúdú kankan ní Kansas tí a dìbò yàn sí irú ipò bẹ́ẹ̀ rí. Ọdún 17 péré ni èyí jẹ́ lẹ́yìn tí òfin fi òpin sí oko ẹrú.

OJÚ IRIN

Ẹ̀yin ará mi, ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wà.

Àlìkámà wúwo. Bí o bá kórè rẹ̀ tán tí o kò rí ibi gbé e lọ, o kò tí ì kórè. Stockton, ìlú tí àwọn ará Nicodemus ti ń ra nǹkan, tó nǹkan bí máìlì 20. Kẹ̀kẹ́ tí ẹṣin ń fà yóò lo odidi ọjọ́ kan ní àlọ. Ẹni tó bá gbé ọkà lọ báyìí, owó ọ̀nà ti jẹ èrè rẹ̀ tán kí ó tó dé ọjà. Ṣùgbọ́n bí ojú irin bá gba ìlú kọjá, àká ńlá yóò dìde lẹ́bàá ibùdókọ̀, àwọn oníbàárà yóò wá, irin oko àti pákó yóò dé ní owó pọ́ọ́kú. Gbogbo ìlú ní ìwọ̀ oòrùn Kansas ló ń bá ara wọn du ojú irin nígbà náà. Àwọn ilé iṣẹ́ ojú irin mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń béèrè owó lọ́wọ́ àwọn ìlú kí wọ́n tó gba ọ̀dọ̀ wọn.

Ní 1887, àwọn ará Nicodemus àti agbègbè rẹ̀ dìbò pé àwọn yóò yá owó tó tó dọ́là 16,000 láti fi fa ilé iṣẹ́ Missouri Pacific wá. Èyí pọ̀ fún àwọn tí wọ́n ń gbé inú ihò ní ọdún 10 ṣáájú. Ìdùnnú ṣubú lu ayọ̀. Àwọn oníṣòwò ń fẹ ilé ìtajà wọn, iye ilẹ̀ ń gòkè. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò bọ́ sí i. Ní 1888, Missouri Pacific kò wá. Ilé iṣẹ́ mìíràn, Union Pacific, ni ó la ojú irin kọjá, apá kejì odò Solomon ni ó sì gbà. Kò gba Nicodemus. Àgọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ pa sí ìhà gúúsù odò di ìlú, Bogue ni wọ́n ń pè é. Kò tó máìlì 7 sí Nicodemus.

Máìlì mélòó kan péré! Ẹni tó bá ń rìn láàárọ̀ yóò dé ibẹ̀ kí oòrùn tó mú. Ṣùgbọ́n ó tó láti pa ìlú. Lọ́dún yẹn kan náà, àwọn oníṣòwò bẹ̀rẹ̀ sí í kó lọ sí Bogue. Àwọn kan tilẹ̀ gbé ilé ìtajà wọn látòkè délẹ̀ sórí kẹ̀kẹ́, wọ́n fà á kọjá odò. Ìwé ìròyìn méjèèjì kógbá sílé.

Àwọn wo ni wọn kò kó lọ? Àwọn àgbẹ̀ ni. Oníṣòwò lè gbé ilé ìtajà rẹ̀ sórí kẹ̀kẹ́. Àgbẹ̀ kò lè gbé 160 éékà. Ilẹ̀ ti di tiwọn, ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì dúró tì í. Nicodemus kò jẹ́ ojúkò òwò mọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì jẹ́ ìlú àgbẹ̀, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀ṣì, ilé ẹ̀kọ́ àti oko yí i ká.

Àwa náà mọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, tí ó sì dé Òṣogbo ní 1907, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ohun tí ó sọ Òṣogbo dà, àti ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọjà àtijọ́ tí ojú irin kò gba ọ̀dọ̀ wọn.

ERUKU

Ìyà kejì tọ̀run wá, ọwọ́ èèyàn sì wà níbẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, owó àlìkámà gòkè. Àwọn àgbẹ̀ pápá ńlá Amẹ́ríkà, dúdú àti funfun, tú koríko tí ó di ilẹ̀ mú, wọ́n gbin àlìkámà síbẹ̀ títí dé etí. Ní àwọn ọdún 1930 sí 1939, òjò kọ̀, ọ̀dá mú. Ilẹ̀ wà ní ìhòòhò. Afẹ́fẹ́ dé, ó gbé erùpẹ̀ ọlọ́ràá lọ. Eruku ṣú bo ọ̀sán títí ó fi dà bí òru. Ọ̀pọ̀ ìdílé kó ẹrù wọn, wọ́n sì lọ. Ní 1935, èèyàn 76 péré ló kù sí ìlú Nicodemus.

Láti inú ìyà yìí ni ìjọba Amẹ́ríkà ti dá ẹ̀ka tí ń bójú tó ilẹ̀ oko sílẹ̀ ní 1935. Ohun tí ẹ̀ka náà ń wí fún àgbẹ̀ ni àwa náà ń wí fún yín: ẹ má fi ilẹ̀ sílẹ̀ ní ìhòòhò, ẹ kọ ebè dínà ẹ̀gbẹ́ òkè, ẹ gbin igi tí yóò dá afẹ́fẹ́ dúró, ẹ fi pòròpórò sílẹ̀ lórí oko, ẹ má sun ún.

Ìlú náà ń joro lọ. Ní 1950, èèyàn 16 ló kù nínú rẹ̀. Ní 1953, ilé ìfìwéránṣẹ́ tì. Ní 1960, ilé ẹ̀kọ́ tì. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá ti tì ní abúlé, ẹ ti mọ ohun tó kù.

OHUN TÍ KÒ JẸ́ KÍ Ó PARẸ́

Ìlú mìíràn ìbá ti di igbó. Ọ̀pọ̀ ìlú tí àwọn èèyàn dúdú dá sílẹ̀ ní ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà ní ìgbà náà ló ti parẹ́, a kò rí ju pápá lọ níbẹ̀ mọ́. Nicodemus ṣì wà. Kí ni wọ́n ṣe?

Àkọ́kọ́, wọn kò jẹ́ kí ìpàdé wọn bàjẹ́. Láti 1878 ni wọ́n ti ń ṣe àjọ̀dún òmìnira lọ́dọọdún. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ni wọ́n ń ṣe é tẹ́lẹ̀, ní ìrántí ọjọ́ tí a tú àwọn ẹrú erékùṣù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Caribbean sílẹ̀ ní 1834. Ní báyìí, ìparí ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn nínú oṣù keje ni wọ́n ń ṣe é, wọ́n sì ń pè é ní ọjọ́ ìpadàbọ̀ sílé. Àwọn ọmọ ìlú ń wọlé láti gbogbo ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà. Wọ́n ń sun ẹran, wọ́n ń ṣeré, wọ́n ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń fi ibojì àwọn baba han àwọn ọmọ. Ilé tí ó kéré ní ọjọ́ mìíràn, ní ọjọ́ náà kì í gba èrò. Nígbà ìkànìyàn ọdún 2020, èèyàn 14 ni wọ́n kà ní Nicodemus. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ka àwọn tí ń padà wá ní oṣù keje, ìgbà náà ni ẹ ó mọ iye èèyàn tí ìlú ní.

Èkejì, wọ́n kó ìtàn wọn pa mọ́. Ní 1976, ìjọba Amẹ́ríkà kà á sí ibi ìtàn pàtàkì. Ní 1988, àwọn ọmọ ìlú dá ẹgbẹ́ ìtàn sílẹ̀, wọ́n ń kó àwòrán àti ọ̀rọ̀ àgbà jọ. Ní 1996, òfin àpapọ̀ sọ ọ́ di ibi ìtàn tí ìjọba ń tọ́jú. Ilé márùn-ún ni òfin náà dárúkọ: ṣọ́ọ̀ṣì méjì, ilé ìtura, ilé ẹ̀kọ́ àti gbọ̀ngán ìlú tí wọ́n kọ́ ní 1939.

Ẹ̀kẹta, àwọn kan kò ta ilẹ̀. Veryl Switzer, tí wọ́n bí ní Nicodemus ní 1932, di gbajúmọ̀ agbábọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ó sì ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Yunifásítì ìpínlẹ̀ Kansas. Òkìkí kò jẹ́ kí ó gbàgbé oko. Kò fi ilẹ̀ bàbá rẹ̀ sílẹ̀ títí ó fi kú ní 2022. Ó wà lára àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù oníyẹ̀fun sílẹ̀ ní Nicodemus, kí wọ́n lè lọ àlìkámà tiwọn kí wọ́n sì tà á ní ìyẹ̀fun.

Dídi ilẹ̀ mú kò rọrùn fún wọn. Ní 1920, àwọn àgbẹ̀ dúdú tó wà ní gbogbo Amẹ́ríkà lé ní 900,000. Lónìí wọn kò tó 50,000. Ọ̀pọ̀ wọn pàdánù ilẹ̀ nítorí pé bàbá kú láìṣe ìwé, ọmọ àti ọmọ-ọmọ di onílẹ̀ pọ̀, ẹnìkan ta ìpín tirẹ̀, ilé ẹjọ́ sì ní kí wọ́n ta gbogbo rẹ̀. Àwọn mìíràn kò rí owó yá bí àwọn àgbẹ̀ funfun ti ń rí i. Wọ́n pe ìjọba lẹ́jọ́ lórí èyí ní 1997. Ní 1999, wọ́n fẹnu kò nílé ẹjọ́, owó tí ìjọba sì san fún wọn lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó ti lọ kò padà.

Ẹ̀KỌ́ FÚN WA

Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ohun mẹ́rin ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ yín.

Ọ̀nà ni àkọ́kọ́. Ẹ má jẹ́ kí ìgbésí ayé oko yín rọ̀ mọ́ ìlérí ọ̀nà kan ṣoṣo. Nicodemus ṣe ohun gbogbo tí a lè ṣe, síbẹ̀ àwọn tí wọn kò gbé ibẹ̀ ni wọ́n pinnu ibi tí ojú irin yóò gbà. Bí ìjọba bá ń wọn ọ̀nà, ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ yín wà níbẹ̀, kí ohùn yín sì jẹ́ ọ̀kan pẹ̀lú ti abúlé kejì. Bí ọ̀nà kò bá sì wá, ẹ jọ háyà ọkọ̀, ẹ jọ kọ́ àká, ẹ jọ lọ irè oko yín kí ó fúyẹ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ìlú Kansas ṣe nìyẹn nígbà tí àwọn alágbàtà ọkà ń rẹ́ wọn jẹ. Wọ́n kọ́ àká ẹgbẹ́ tiwọn. Arthur Capper, tí ó ti ṣe gómìnà Kansas kí ó tó dé ilé aṣòfin àgbà, wà lára àwọn tí òfin 1922 ń jẹ́ orúkọ wọn, òfin tí ó fún àwọn àgbẹ̀ Amẹ́ríkà lẹ́tọ̀ọ́ láti para pọ̀ ta ọjà wọn.

Èkejì ni ìwé ilẹ̀. Ilẹ̀ ẹbí tí kò ní ìwé, tí a kò sọ ẹni tí yóò máa dá a, òun ni alágbàtà ilẹ̀ ń wá kiri. Ẹ jókòó nígbà tí àgbà ṣì wà láàyè. Ẹ wọn ilẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ fi ọwọ́ sí i níwájú ẹlẹ́rìí. Ẹ má yọ àwọn ọmọbìnrin sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Owó gọbọi tí irúgbìn kan ń mú wá lọ́dún kan kò tó ìdí láti tú gbogbo igbó. Ọdún 20 ni ó gba àwọn ará Amẹ́ríkà kí wọ́n tó rí èsì ohun tí wọ́n fi ohun ìtúlẹ̀ ṣe.

Ẹ̀kẹrin ni ìpàdé. Èyí kò ná owó púpọ̀, òun ni a sì tètè ń jẹ́ kí ó bàjẹ́. Bí ẹ bá ní ọjọ́ ọdún tí gbogbo ọmọ abúlé ń wálé, ẹ má jẹ́ kí ó jẹ́ ọjọ́ àsè nìkan. Ẹ mú àwọn ọmọ tó wá láti Èkó àti òkè òkun dé oko. Ẹ fi ààlà hàn wọ́n, kí wọ́n fi ẹsẹ̀ ara wọn tẹ̀ ẹ́. Ọmọ tí kò mọ ààlà bàbá rẹ̀ ni yóò tà á láìmọ iye tí ó tó.

Ẹ FI ÈYÍ JÍRÒRÒ NÍ ÌPÀDÉ ẸGBẸ́

1. Ọ̀nà wo ni irè oko wa ń gbà dé ọjà? Bí ọ̀nà náà bá bàjẹ́ lọ́dún yìí, kí ni a ó ṣe?

2. Mélòó nínú wa ni ó ní ìwé tó dájú lórí ilẹ̀ tí ó ń dá? Ta ni ó lè ràn wá lọ́wọ́ láti wọ̀n ọ́n?

3. Èwo nínú irè oko wa ni ẹgbẹ́ lè jọ lọ̀, tàbí kí a jọ gbẹ, kí a tó tà á?

4. Àwọn ọmọ abúlé yìí tí wọ́n wà lókèèrè, ọjọ́ wo ni wọ́n ń wálé? Kí ni a ń fi hàn wọ́n?

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, ọ̀rọ̀ mi dópin níhìn-ín. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kí ó bá òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní agbègbè rẹ̀ sọ̀rọ̀, tàbí kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa. Kí Ọlọ́run rọ òjò tí yóò tó, kí ó má rọ èyí tí yóò gbá ebè lọ. Ó dìgbà kan ná.